Hóró Tí Wọ́n Gé Sí Mẹ́rin

Ìgbátí kan ṣoṣo ni Màmá fi gbé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lulẹ̀.

"Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lójú òkun, ìwọ ń kó ọkùnrin wọlé!"

Àná ni Màmá dé, òní ló bá oògùn ale nínú báàgì ìyàwó. Kò sẹ́ni tó máa júwe ẹ̀ fún un, ọkọ tirẹ̀ náà lò ó rí.

Ìyàwó tiẹ̀ ti fi abẹ gé hóró kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin.

"Àbí ọkùnrin mẹ́rin lò ń pín in fún ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

Màmá so ọ̀já le mọ́ ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fi gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ bo eyín.

Ló bá da oògùn sínú ihò ilé ìgbẹ́, ó da omi garawa kan lé e.

Ìyàwó ò gbèjà ara ẹ̀. Ó ki apá bọ ihò náà dé èjìká, ó ń wá a kiri.

"Ìdá kan ni dókítà ní kí n máa fún ọmọ! Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè dé ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀!"

Bàtà dúró lókè lọ́wọ́ Màmá.

Ìgbà yẹn ló tó fura pé ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ò sunkún mọ́.

Ó tú ọ̀já.

Ètè ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti dúdú bí aró.