Déètì Òní, Ìròyìn Àtijọ́

Ẹ dákun, ẹ má kàn fojú fò ó. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, torí ibi tó ń lọ kò dáa.

1.

Kíákíá ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pe ọkùnrin yìí, orúkọ náà sì ro ó. Iṣẹ́ tí ẹlòmíì á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, òun á ti parí ẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, ikọ́ fée sì ń bá a jà láti kékeré. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi rán Kíákíá nílé ìwé.

Ọ́fíìsì Kíákíá ló ni ìkànnì kan tí àwọn ará ìlú fi ń mọ ilé ìwòsàn tó ṣí, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti èyí tí ọ́síjìn wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì náà kọ́ ló ń kó ìròyìn yẹn jọ o. Àjọ àwọn ilé ìwòsàn ló ń kó o sórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ètò kọ̀ǹpútà tí Kíákíá kọ á lọ bá kọ̀ǹpútà àjọ láràárọ̀, á fi páásíwọ̀dù wọlé, á gba ìròyìn, á sì tò ó sójú ìkànnì. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ó wúlò, ẹ ò lè sọ pé kò wúlò. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ a máa fi yangàn láàárín àwọn oníbàárà: "Àbúrò mi ló ṣe é o!"

2.

Orí déètì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ a máa pẹ́ nígbà míì, tí wọ́n bá sì pẹ́, déètì àná ló máa wà lókè ojú ìwé. Ọ̀gá ò fẹ́ràn ẹ̀.

"Kíákíá, ó ń jẹ́ ká dà bí ọ̀lẹ. Wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ fi sílẹ̀, ọ̀gá. Wẹ́rẹ́ báyìí ni."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó yọ déètì tó ń bá ìròyìn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ kúrò, ó wá so ojú ìwé mọ́ aago kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ìròyìn dé o, ìròyìn ò dé o, "Ìròyìn òní" ni ìkànnì ń wí.

Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ orí ìkànnì náà, tí wọ́n jọ ń jókòó, na ọrùn wo iṣẹ́ ọ̀hún.

"Tí àjọ ò bá wá fi nǹkan kan ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á fi ránṣẹ́."

"Mo ní tí wọn ò bá fi ránṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù! Ṣé èmi ni mo máa ṣiṣẹ́ mi àbí ẹ̀yin?"

Obìnrin náà yí padà sídìí iṣẹ́ tiẹ̀.

3.

Nígbà tó ṣe, àjọ kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ wọn pé àwọn máa pààrọ̀ páásíwọ̀dù. Kíákíá rí i. Ó ní òun á ṣe é tó bá yá. Ọjọ́ pé, àjọ ti ilẹ̀kùn, ètò Kíákíá kànkùn títí, wọn ò ṣí fún un. Ètò náà ò kúkú panu mọ́. Ó ń fi íméèlì ké sí Kíákíá láràárọ̀ pé òun ò rí ìròyìn gbà. Ńṣe ni ariwo ẹ̀ ń bí Kíákíá nínú. Ó ní kí irú íméèlì bẹ́ẹ̀ máa lọ tààrà sínú pàǹtírí.

Áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ajá ẹni ń gbó olè, ẹ wá ń fi aṣọ dí i lẹ́nu! Bí ìròyìn àtijọ́ ṣe jókòó sójú ìkànnì nìyẹn, tí déètì òní sì wà lókè ẹ̀.

4.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n Kíákíá wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ nígbà tí èémí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó fa oògùn ẹ̀ sẹ́nu, oògùn ò ran nǹkan kan. Ọkọ ẹ̀ gbé e sínú mọ́tò. Ilé ìwòsàn kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wọn, òmíràn wà lẹ́yìn afárá. Ọkọ fẹ́ gba ìsàlẹ̀ lọ. Ìyàwó ti tẹ fóònù, ó nà án sí i.

"Wò ó... ìsàlẹ̀ ò ní ọ́síjìn. Ẹ̀yìn afárá... ló wà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ìròyìn òní ni. Iṣẹ́ àbúrò mi ni."

Wọ́n gba orí afárá. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, nọ́ọ̀sì sáré jáde, ó wo obìnrin náà, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ọ́síjìn wa ti tán tipẹ́! Ojoojúmọ́ la sì ń sọ fún àjọ. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, ẹ tètè yí padà!"

Wọ́n yí padà. Orí afárá ni obìnrin náà dákẹ́ sí.

5.

Kíákíá bá ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn ìsàlẹ̀.

"Bùọ̀dá, kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ lọ ọ̀hún? Ṣebí ibí ló súnmọ́ ilé!"

Ọkùnrin náà ò bínú. Ó kàn na fóònù ìyàwó ẹ̀ sí i. Ojú ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀.

"Ohun tí o kọ síbẹ̀ la tẹ̀lé."

Kíákíá wo déètì. Ti òní ni. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bùọ̀dá, irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ìkànnì yẹn nírọ́ pípa."

"Ó ní iṣẹ́ àbúrò òun ò lè purọ́ fún òun," ni ọkùnrin náà wí, ó sì dìde, ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n tẹ́ ìyàwó ẹ̀ sí.

Kí wọ́n tó sìnkú, Kíákíá ti tún ètò náà ṣe. Kò gbà á tó àkókò tí èèyàn fi ń mu omi ife kan. Ìyẹn gan-an ló ń pa á lẹ́kún títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ìròyìn láti ibòmíì wá síwájú ará ìlú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Tí kò bá dé, ẹ sọ pé kò dé. Ẹni tó rí ojú ìwé tó ṣófo á béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹni tí ẹ purọ́ fún á gbéra, á máa lọ. Ẹ má sì dí etí sí ìkìlọ̀ torí pé ariwo ẹ̀ ń dí yín lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó tó pẹ́ jù fún un. Àwọn àgbà ò purọ́: ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.