Harriet Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ohun tí ojú Bárísítà Àlímátù rí ní Ṣàpọ́n nírọ̀lẹ́ òní, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Òun àti Harriet ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n jọ dá ọ́fíìsì lọ́yà wọn sílẹ̀ ní Ṣàpọ́n, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Harriet ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi. Kì í jẹun ọ̀sán. Bí Àlímátù bá ní kí wọ́n máa lọ sílé, á ní, "Máa lọ, Àlí. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Kì í bọ̀. Lọ́jọ́ kan ní kóòtù, ó dìde láti bá adájọ́ sọ̀rọ̀, ó di tábìlì mú, ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Owódé ni wọ́n sin ín sí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ Àlímátù náà. Ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n.

"Bárísítà, ṣé ẹ fẹ́ bá ọ̀rẹ́ yín lọ ni? Ọmọ mélòó lẹ ní?"

"Ẹyọ kan. Obìnrin."

"Ẹ jẹ́ kí tọ̀hún ní ìyá."

Àlímátù gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Iṣẹ́ èèyàn méjì ti di tẹnì kan. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n pe ìrun àsárì, tó gbójú sókè, tó rí Harriet lẹ́nu ọ̀nà. Kóòtù dúdú tó wọ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú náà ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo báàgì Àlímátù, ó wá wo ìta.

Orí Àlímátù wú. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Harriet kọjá. Òtútù mú un bí ẹni ṣí fìríìjì. Ìgbà tó dé títì ló tó yé e: ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò fẹ́ kó kú irú ikú tóun kú.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pe àsárì, Harriet á dúró, Àlímátù á lọ. Ó ń kírun nílé, ó ń fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ó ń bá ọmọ ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ó ń sùn.

"Ṣé ìyàwó tí mo fẹ́ ló padà dé yìí," Yasir ọkọ ẹ̀ ní, "àbí àbúrò ẹ̀?"

Iṣẹ́ náà ò wá kú. Ńṣe ló ń yára.

"Mà, ẹ ti parí ìwé ẹjọ́ ìyá onílé Ìbarà yẹn," Azeezat tó ń bá a tẹ̀wé sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Mo ti parí ẹ̀ kẹ̀?"

"Òun rèé lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ìkọ̀wé yín ti ń dà bíi tàwọn dókítà. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́."

Àlímátù rẹ́rìn-ín. "Orí tó bá sinmi, ọwọ́ ẹ̀ á máa sáré ni. Ìwọ náà, máa tètè lọ sílé."

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀. Àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ ẹ̀ ń bi í lórí wọ́sáàpù pé kí ló ń lò. Kò dárúkọ Harriet fún ẹnì kankan. Àmọ́ lẹ́yìn gbogbo ìrun, ó máa ń ṣe àdúà fún un pé kó sinmi níbi tó wà.

Lónìí, Bàbá Fájánà wá láti Ọ̀dẹ́dá. Ọ̀la ni ẹjọ́ ilẹ̀ wọn.

"Lọ́yà wa, ibẹ̀ la sin àwọn bàbá wa sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi katakata hú wọn."

"Wọn ò ní hú wọn, Bàbá."

Àlímátù kò tíì kọ ìwé ẹjọ́ náà jìnnà tí wọ́n fi pe àsárì. Harriet dé.

"Harriet, jọ̀ọ́," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Jẹ́ kí n parí tòní."

Harriet wọlé ní ìṣísẹ̀ kan. Àlímátù rántí ọmọ ẹ̀. Ó gbé báàgì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni òjò ti ká a mọ́. Agbòjò ẹ̀ wà lókè. Kò padà sókè rí lẹ́yìn àsárì. Ó gun àtẹ̀gùn padà, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn.

Harriet ló jókòó sórí àga Àlímátù, tó ń kọ ìwé ẹjọ́ àwọn Fájánà lọ láìsinmi, èyí tó ti kọ tán ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò gbójú sókè, ó kàn na ẹsẹ̀, ó ti àga kejì jáde lábẹ́ tábìlì kí Àlímátù jókòó bá a kọ ọ́.