Kò-séwu àti Ìbọn Tó Ń Lọ sí Ilẹ̀ Ọ̀rẹ́

Àìbìkítà ni àléébù ọkùnrin kan tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Kò-séwu. Ohunkóhun tí o bá sọ fún un, "Kò séwu" ni èsì rẹ̀. Òun ni olórí ilé ìkẹ́rùsí níléeṣẹ́ tó ń rọ ìbọn fún ọmọ ogun.

Tẹ́lẹ̀, ìbọn kan kì í kúrò nílẹ̀ wọn láìgba àṣẹ ìjọba, àṣẹ ọ̀hún sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó yá, ìjọba wọn àti ti ilẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn fẹnu kò pé kí ìbọn máa kọjá láàárín àwọn láìsí àṣẹ mọ́. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, inú gbogbo òṣìṣẹ́ sì dùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹrù, Kò-séwu gbọ́dọ̀ pe àgọ́ ọmọ ogun tó ra ìbọn náà, kó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé àwọn ló rà á lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, alágbàtà kan wá kó ìbọn tó ní àgọ́ ọmọ ogun kan nílẹ̀ ọ̀rẹ́ náà ló rà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Nọ́ńbà ọ̀gá àgọ́ náà rèé."

Ìyá Ìbejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, nọ́ńbà àgọ́ wà lára ògiri. Abèèrè kì í ṣìnà o."

Kò-séwu bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì oníjàgídíjàgan! Ṣé ọ̀tá la fẹ́ kó o fún ni? Ọmọbìnrin mi ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wọn, bí ẹyin ni wọ́n ń gbé e. Kò séwu!"

Nọ́ńbà alágbàtà ló pè. Ohùn kan ní, "Àwa la rà á." Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ẹrù dé ilẹ̀ ọ̀rẹ́, aṣọ́bodè kan pe àgọ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìbọn wo? A ò ra nǹkan kan." Àwọn ọlọ́pàá dọ́gbọ́n tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé inú igbó, wọ́n sì kó àwọn ajínigbé tó ń dúró dè é.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn tí ọmọ Kò-séwu ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni igbó ọ̀hún wà. Ọmọ náà pe bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, àwọn ajínigbé tí wọ́n mú ti jẹ́wọ́. Àwa nọ́ọ̀sì ni wọn ì bá kọ́kọ́ kó lọ."

Kò-séwu kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣọ́bodè yẹn. Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún un."

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní, "Mo dúpẹ́, olúwa mi. Ẹ̀wọ̀n á tán. Ọmọ mi ń bẹ láàyè."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Kì í ṣe òfin tí wọ́n dẹ̀ ló kó bá Kò-séwu. Ọ̀rẹ́ dára, ó sì yẹ kí ọ̀rẹ́ mú nǹkan rọrùn fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ìbéèrè mẹ́sàn-án kúrò lọ́rùn wa, ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ọkàn bi ẹ̀kẹwàá tó kù. Ẹni tó bá sì bá wa bi èyí tí a gbàgbé, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́.