Èéfín Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ̀rọ tó ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò na imú sí ìdí ọkọ̀ Fadérera, ó gbóòórùn títí, iná pupa sì tàn.

"Ìyá agbẹ̀bí, èéfín yín dà?" Ajéwọlé tó ń yẹ ọkọ̀ wò ló béèrè.

"Èéfín kẹ̀? Mo ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní ni."

"Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì yìí ní ogójì ọdún ló ti lò láyé. Irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rú èéfín. Tí kò bá rú u, ẹ ti fi í pamọ́ síbì kan nìyẹn. Ẹ wá a wá, mà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ò ní lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé yín, géètì ò sì ní ṣí fún yín lójú ọ̀nà mọ́."

Orí Fadérera dàrú. Aláboyún kan ti ń rọbí dè é ní Àgọ́-Àmọ́dù. Ó pe mẹkáníìkì rẹ̀, Láṣebíkan.

"Èmi ni mo lu nọ́ńbà àtijọ́ sí i lára, mà, kí ìwé ọkọ̀ yín má baà yí. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti yọ́ ọ. Òun ni wọ́n fi ṣe ìkòkò ìdáná tí mo fún yín nígbà ọdún."

Fadérera sáré lọ gbé ìkòkò náà wá láti ilé, pẹ̀lú èédú ìdáná tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Kò mọ ohun tí òun ń ṣe, ó ṣáà gbé e sábẹ́ imú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbóòórùn. Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Ajéwọlé lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fọ ìdí ìkòkò yẹn o, mà."