Ìdí Ta Ni Ọkọ Mi Wọ̀n?

Ẹ̀yin ọmọ mi orí fóònù, ẹ gbà mí o!

Mo rí bébà kan nínú àpò ṣòkòtò ọkọ mi, bàbá arúgbó tó ń fọwọ́ jó irin pọ̀ di alùpùpù.

"Apá, ínṣì mẹ́rìnlélógún. Ìdí, ínṣì méjìléláàádọ́ta."

Ìdí kẹ̀! Obìnrin nìyí!

Mo tú gèlè mi, mo fi gbàjá, mo já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bàbá, ìdí ràbàtà ta lẹ wọ̀n yìí? Mò ń kẹ́rù mi lọ lónìí!"

Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, mi ò lè ṣe àga alùpùpù láì wọn ẹni tó máa jókòó sórí ẹ̀."

"Ìdí tó tó ẹnu ọ̀nà! Ó wá dúró kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Rárá o, ó ń sùn ni. Ó ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tí ò ní sàléńsà."

"Yéè! Orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lẹ wà!"

"Orí bẹ́ẹ̀dì wa ni. Ogójì ọdún rèé."

Ó ṣí aṣọ kúrò lórí alùpùpù pupa kan.

Mo gùn ún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdí mi wọ àga yẹn wẹ́kú.

Ìtìjú ò tíì jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀.