Ẹni tí Àǹtí Hester Fi Ilé Rẹ̀ Sílẹ̀ Fún

Gbogbo ìlú Bridlington ló mọ̀ pé ajá ni Hester Pickersgill fẹ́ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé náà sì kọjú sí òkun. Ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn ajá tí kò lólúwa, tó wà lẹ́yìn ìlú, ni kó jogún rẹ̀. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, obìnrin kan a wá láti ilé ajá náà pẹ̀lú kéèkì àti káàdì, a jókòó, a béèrè àlàáfíà Hester. Lorna ló máa ń gbé tíì fún un.

Ọmọ àbúrò Hester ni Lorna. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ lé e jáde ló kó dé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ tó ń ṣe nílé oúnjẹ etí òkun kì í kọjá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì níbòmíràn tó lè lọ. Bí Hester bá kú, ìta ni yóò bá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀, pàápàá nígbà tó bá ń nu ìtọ̀ Bramble kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bramble ni ajá Hester. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ṣú, kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́.

"Ajá yìí ló máa sin gbogbo wa," Lorna a wí.

"Ìwọ ṣáà máa nu ilẹ̀," Hester a dá a lóhùn, a sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà òtútù, Hester ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lorna wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Àǹtí, Bramble ti lọ. Ó sùn, kò jí mọ́. Mo sin ín sábẹ́ igi ápù."

Lorna fi okùn awọ tí ajá náà máa ń wọ̀ sọ́rùn lé e lọ́wọ́. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dá Hester padà sílé, ó fi irin tí wọ́n fún un láti máa fi rìn wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí igi ápù. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán ni. Ó dúró pẹ́.

"Koríko mà tètè bo ibẹ̀ o," ó ní.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ló dáa, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká wọlé, atẹ́gùn yìí ò dáa fún yín."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Lorna tọjà dé, ó bá àǹtí rẹ̀ tó gbé fóònù lé itan.

"Ta ló pè?"

"Àwọn tó ń ta fèrèsé. Wọn kì í sinmi."

Àtìgbà náà ni Hester ti rọ̀. Wọ́n jókòó nídìí tíì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mo ti ń rò ó. Ajá mi ti kú. Ìwọ lò ń wẹ̀ mí, ìwọ lò ń bọ́ mi. Ìwọ ni mo máa fi ilé sílẹ̀ fún."

Lorna sunkún, ẹkún gidi lọ́tẹ̀ yìí.

"O ò ní já mi sílẹ̀ títí mo fi máa kú, àbí?"

"Ta ló ń já ẹni tó ń tọ́jú sílẹ̀, Àǹtí?"

"Mo kàn béèrè ni."

Lorna ní kí wọ́n pe lọ́yà Tranter.

"Tranter! Ọkùnrin tó lè gbowó èémí tó o bá mí níwájú ẹ̀! Lọ ra fọ́ọ̀mù ìwé ìhágún ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé jàre. Ṣebí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Hester fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ilé, ti Lorna. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù tí kò lẹ́ni tó ni ín, ti ilé ajá. Ọ̀gbẹ́ni Ogden, aládùúgbò wọn, wọ sílípáàsì wá, ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó ku ẹlẹ́rìí kan.

"Ta la tún máa pè?" Lorna béèrè.

"Pe ta? Ṣebí o wà ńbí. Fara balẹ̀ kọ orúkọ ẹ, kó hàn dáadáa."

Lorna kọ ọ́. Ó hàn dáadáa.

Kò sẹ́ni tí kò yin Lorna lọ́dún yẹn. Ó ń yí àǹtí rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Hester náà ò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, Lorna sì ń nù ún láìfajúro. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," Hester a wí, ojú rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e kiri yàrá.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni Hester kú. Lorna ti yan ọ̀dà tí yóò fi kun ara ògiri kó tó kó ìwé náà lọ bá lọ́yà Tranter. Lọ́yà kà á, ó tún ìsàlẹ̀ rẹ̀ kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ orúkọ yín síbí?"

"Èmi ni. Èmi ni ẹlẹ́rìí kejì."

"Ìyáàfin Lorna, òfin ilẹ̀ yìí ò gbà kí ẹlẹ́rìí jogún nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ìwé náà dúró o, ṣùgbọ́n ilé ò lè jẹ́ tiyín. Ó ti bọ́ sára ohun tó ṣẹ́ kù tí kò lẹ́ni tó ni ín."

"Ti àwọn ajá?"

"Ti àwọn ajá."

Lorna dìde, ó tún jókòó. "Àṣìṣe ni! Arúgbó ni, kò mọ òfin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn. Àǹtí mi fẹ́ràn mi. Níbo ni kí n lọ báyìí?"

"Àǹtí yín pè mí nígbà tí òtútù ń parí," ni lọ́yà wí, kò wojú rẹ̀, "lọ́jọ́ tí ilé ajá fi tó o létí pé yìnyín yọ́, àwọn sì bá òkú Bramble lábẹ́ rẹ̀, tí ẹnì kan so ó mọ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé àwọn, àti pé ẹ̀rọ kékeré onínọ́ńbà tí dókítà ẹranko fi sábẹ́ awọ ara rẹ̀ làwọn fi mọ olówó rẹ̀, ó wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí kò lè jogún, mo ní òótọ́ ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé fóònù sílẹ̀."