Ẹnu Ọ̀yà àti Ìrèké Ọdún

Àlọ́ mi já wẹ́rẹ́, ó bọ́ sẹ́nu Ọ̀yà.

Kìnnìún ọba ní ẹni tí kòkòrò bá ti jẹ eyín rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ìrèké ọdún. Ó ní kí àgbà méjì máa yẹ ẹnu àwọn ẹranko wò. Ìnàkí, ọ̀rẹ́ Ọ̀yà, yẹ ẹnu Ọ̀yà wò, ó ní ó mọ́ nigín. Òkété, ọ̀tá Ọ̀yà, ní kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀yà bá fi ewé kókò bojú, ó padà wá bí àlejò:

Ẹ bá mi wo eyín mi o,
Ìrèké dùn!

Ìnàkí ní, “Kòkòrò ti jẹ ẹ́!” Òkété ní, “Ó mọ́!”

Ọ̀yà ṣí ewé kúrò. “Ẹ̀yin àgbà, ojú lẹ ń wò, ẹ ò wo eyín.”

Ẹ̀rín pa Kìnnìún. Ó ní kí wọ́n jọ wò ó nínú oòrùn. Ẹyọ kan péré ni kòkòrò jẹ.

“Kábíyèsí,” Ọ̀yà ní, “ẹyọ kan yẹn ò ní jẹ ìrèké. Àwọn tó kù ló máa jẹ ẹ́.”

Kìnnìún ní kí wọ́n fún un ní ìrèké. Gbogbo ẹranko gbè é: Ìrèké dùn!